Irú Ìwé Wo Ni Ẹni Tí O Fẹ́ Lọ Bá Dúró Lé?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, mo kí yín kú ìkàlẹ̀. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe. Láti ọdún 14 sẹ́yìn ni mo ti ń tú èdè Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì ń tú Gẹ̀ẹ́sì padà sí Yorùbá, ní kóòtù tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìgbélùú ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà. Iṣẹ́ náà kò fún ènìyàn láyè láti dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ni ògbufọ̀ ń gbé lọ gbé bọ̀, kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti pẹ́ nínú mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan jókòó sí àga ẹlẹ́rìí. Òun ló ní àṣẹ ìgbélùú láìní gbèdéke. Ọkọ rẹ̀ ló wọ̀lú pẹ̀lú físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà, tí kò sì padà sílé mọ́. Aṣojú ìjọba bi obìnrin náà pé, nígbà tí ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí, ǹjẹ́ ó mọ̀ pé físà rẹ̀ ti parí? Mo tú ìbéèrè náà. Kò wo ẹni tó bi í, èmi ló yíjú sí, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó sì wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, a kì í bi ọkọ ẹni nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀." Mo tú u bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí mo dé orí "ẹ̀gbọ́n", mo ní láti ṣàlàyé fún adájọ́ pé obìnrin náà kò mọ̀ mí rí. Ìdájọ́ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Adájọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ má bèèrè ni, àti pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ má bèèrè kò lè padà wá wí pé òun kò mọ̀. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà.

Gbólóhùn obìnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, Yorùbá a máa bèèrè. Láyé àtijọ́, kí a tó gbé ìyàwó, àwọn ẹbí a ṣe ìwádìí, alárinà a sì máa lọ máa bọ̀. Wọ́n á bèèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé náà, bóyá wèrè ń yọ wọ́n lẹ́nu, bóyá gbèsè wà lọ́rùn wọn. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ pásítọ̀ kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí AS má bàa lọ fẹ́ AS. Ìyá tí kò kàwé rárá mọ ohun tí ìwé yẹn wà fún, ó sì ń béèrè rẹ̀ láìtijú. Àmọ́ bí ọkọ bá ti jẹ́ ẹni tó wà ní Ìlú Ọba, ìwádìí a parí lójú ẹsẹ̀. "Ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù" a di ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè, bí ẹni pé Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí.

Ohun kan tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé kí a dá ìwádìí yẹn padà. Kí ẹnikẹ́ni tó gbéra láti lọ bá ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ lókè òkun, kí ó bèèrè irú ìwé tí onítọ̀hún dúró lé, ọjọ́ tí ìwé náà yóò parí, àti ibi tí òun tó ń lọ bá a yóò dúró sí bí ìwé náà bá já. Kí ẹni tí a bi sì dáhùn ní òtítọ́, nítorí pé ìjọba yóò bi í lọ́jọ́ kan, ìdáhùn ọjọ́ náà yóò sì wà lákọsílẹ̀.

Ọ̀kan nínú ohun tó ń dà wá láàmú ni pé orúkọ kan ṣoṣo la fi ń pe gbogbo ìwé. "Ó ti ní páálí" ni a ó wí, ìbáà jẹ́ pé onítọ̀hún ti di ọmọ onílùú, ìbáà jẹ́ pé ó ní àṣẹ ìgbélùú láìní gbèdéke tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní "indefinite", tàbí físà iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, tàbí físà akẹ́kọ̀ọ́ tó kù oṣù mẹ́rin kó parí. Lójú òfin, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn pọ̀ púpọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtéènì ṣe ìdájọ́ lórí obìnrin ọmọ Tansaníà kan tó ti ń gbé níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó sì jẹ́ pé físà akẹ́kọ̀ọ́ ló fi gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún náà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì ní àṣẹ láìní gbèdéke, tí kì í sì í ṣe ọmọ onílùú, ìdúró rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kódà bí kò bá rú òfin kankan rí láti ọjọ́ tó ti wọ̀lú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa tó ń san owó orí, tó ń kọ́lé sílé, tó ń gbé àga fún ẹgbẹ́, etí àga ni òfin ṣì kà wá sí pé a jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ìwé rẹ̀ fìdí múlẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ náà ò rọrùn. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2012, ìjọba Bìrìtéènì gbé òfin tuntun jáde pé ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní àṣẹ láìní gbèdéke tó bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá láti òkèèrè gbọ́dọ̀ máa gba ó kéré tán £18,600 lọ́dún. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sọ ọ́ di £29,000. Wọ́n ti ní in lọ́kàn láti gbé e dé £38,700, ṣùgbọ́n ìjọba tó gorí oyè ní oṣù keje ọdún náà dá a dúró. Àwọn kan ti gbé òfin owó yìí lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní òfin náà lè dúró, ṣùgbọ́n pé ìjọba kò fún ire àwọn ọmọ tó wà nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní àyè tó tọ́ sí i.

Ohun tó máa ń ba ẹlòmíràn nínú jẹ́ nínú òfin yìí ni owó ẹni tí wọ́n ń kà. Bí ìyàwó bá wà ní Èkó, tó jẹ́ ọ̀gá ní báǹkì, tí owó-oṣù rẹ̀ sì tó bọ́ ilé méjì, wọn kò ní ka owó-oṣù náà. Ti ọkọ tó wà ní Bìrìtéènì nìkan ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú ìwé owó-oṣù oṣù mẹ́fà àti àkọsílẹ̀ báǹkì tó bá a mu. Owó tí ọ̀gá ń ká lé ènìyàn lọ́wọ́ ní alẹ́ Sátidé, tí wọn kò san owó orí lórí rẹ̀, tí kò sì dé báǹkì, kò sí nínú ìṣirò, bó ti wù kó pọ̀ tó. Owó ìfipamọ́ lè dí àlàfo, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ìfipamọ́ nìkan ṣe é nílò £88,500 tó ti wà nípamọ́ fún oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, tàbí ẹ̀rí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ni ní yunifásítì tí ènìyàn lọ, ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà láti gbé ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ ṣe, ni owó físà tó di £1,938 ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àti £3,105 fún ìtọ́jú ìlera. Owó físà àti ti ìlera nìkan jẹ́ £5,043 nígbà náà, kí ènìyàn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, oṣù 33 péré ni físà náà yóò sì lò kí wọ́n tó tún san òmíràn.

Mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn ọkọ tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ méjì nítorí £29,000 yìí, tí ojú wọn ti pọ́n, tí wọn kò sì jẹ́ kí ìyàwó wọn mọ̀. Ohun tí ìyàwó mọ̀ ni pé ọdún kẹta rèé tí ọkọ ti ń wí pé "oṣù tó ń bọ̀". Àwọn ará ilé a bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ó ti fẹ́ ẹlòmíràn lọ́hùn-ún. Ìgbéyàwó méjì ni mo mọ̀ tó tú báyìí, tó jẹ́ pé ká ní ọkọ ti sọ iye tó ń gbà àti iye tí òfin ń béèrè ni, ìyàwó ì bá ti mọ̀ pé ìṣirò ló ń dí wọn lọ́wọ́.

Àìnísùúrù yìí ló ń bí ìgbésẹ̀ tó léwu jù lọ. Wọ́n á ní kí ìyàwó tàbí ọkọ gba físà àbẹ̀wò, kó kàn wá, "tó bá ti dé, a ó máa wò ó níbẹ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà àbẹ̀wò kò lè yí i padà sí físà ọkọ tàbí aya láìjáde kúrò ní ìlú. Ìgbéyàwó kì í sọ ẹni tí kò níwèé di oníwèé. Ẹni tó bá lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó láìní ìwé tó fìdí múlẹ̀, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìgbélùú. Ọjọ́ 28 tí gbogbo ènìyàn ń dúró kí wọ́n tó ṣègbéyàwó lè di 70, kí ìjọba lè wádìí bóyá ìfẹ́ ló so wọ́n pọ̀ tàbí páálí.

Lọ́dún 2014, wọ́n fi ìlà kan kún òfin ìgbélùú ọdún 2002 tó sọ fún àwọn adájọ́ pé, bí ìbáṣepọ̀ ọkọ àti aya bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wà nílùú láìní àṣẹ, ìwọ̀n kékeré ni kí wọ́n fún un lórí òṣùwọ̀n. Ọjọ́ tí ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti wá di ohun tí kóòtù ń wọ̀n. Ní ọjọ́ kan náà tí wọ́n ṣe ìdájọ́ lórí owó ní oṣù kejì ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tún ṣe ìdájọ́ lórí obìnrin méjì, ará Gánà kan àti ọmọ Nàìjíríà kan. Àwọn méjèèjì wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, físà parí, wọ́n dúró, wọ́n sì rí olólùfẹ́ tó jẹ́ ọmọ onílùú. Àwọn adájọ́ kò sọ pé irọ́ ni ìfẹ́ náà. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi hàn ni pé ìdènà tó wà níwájú wọn, bí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ gbé pọ̀ ní Gánà tàbí ní Nàìjíríà, le débi tí kò ṣe é borí, tàbí tí ìnira rẹ̀ yóò pọ̀ jọjọ. Pé ọkọ ní iṣẹ́ àti ilé ní Bìrìtéènì kò tó. Àwọn méjèèjì pàdánù.

Mo rántí lọ́yà kan tó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé "ìdènà tí kò ṣe é borí" fún bàbá kan ará Ọ̀yọ́, tí mo sì ń tú u. Bàbá náà ní, "Ṣé bí iná mànàmáná tí kì í sí nílé ni?" Lọ́yà ní rárá, adájọ́ yóò ní àwọn ènìyàn ń gbé láìsí iná. "Iṣẹ́ tí kò sí ńkọ́?" Rárá. Bàbá náà dákẹ́, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá ní, "Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́jọ ńkọ́, tó jẹ́ pé ibí ni wọ́n bí i sí?" Ibẹ̀ ni lọ́yà ti mú bírò. Òfin kan náà sọ pé bí ènìyàn bá jẹ́ òbí tòótọ́ fún ọmọ tó jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí ọmọ tó ti gbé níbẹ̀ fún ọdún méje, tí kò sì bójú mu láti ní kí ọmọ náà bá a kúrò nílùú, kò yẹ kí wọ́n lé òbí náà, bí kò bá jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ dá padà sílé nítorí ìwà ọ̀daràn. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa tó rí ọ̀nà, ọmọ ló fà wọ́n gòkè. Mo sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni, n kò sì sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi bíbímọ ṣe àkàbà.

Àwọn tó bá rí ọ̀nà báyìí, ọ̀nà ọlọ́dún mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń gbé wọn sí. Ìgbà mẹ́rin ni wọn yóò gba àṣẹ olóṣù 30, ìgbà mẹ́rin ni wọn yóò sì sanwó. Bí a bá fi iye tó wà nílẹ̀ ní ọdún 2025 ṣírò rẹ̀, £1,321 fún fọ́ọ̀mù àti £2,587.50 fún ìlera, nígbà mẹ́rin, pẹ̀lú £3,029 tí wọn yóò san fún àṣẹ láìní gbèdéke ní ìparí, ó jẹ́ £18,663 fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó gba ọ̀nà títọ́ láti ilé, ọdún márùn-ún ni tirẹ̀. Bàbá kan sọ fún mi pé òun sá fún £5,000 ní Ìkẹjà, òun wá pàdé £18,000 ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìgbéyàwó onífọ́tò, nítorí pé àwa la ni ín. Mo ti rí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì lọ́yà ju bí mo ti lè kà lọ. Ìyàwó wọ aṣọ òkè, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán. Lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé fọ́tò ọkọ sí nínú férémù, wọ́n sì fi fìlà kọ́ etí férémù náà. Àbúrò ọkọ ló dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ṣe tiwọn, wọ́n ka lẹ́tà, ìyàwó gbé Bíbélì tàbí Kùránì, gbogbo ilé sì pariwo ayọ̀. Ọkọ wà nínú yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń wò ó lórí fóònù, kò lè wálé nítorí pé bó bá jáde kò ní lè wọlé padà.

Ǹjẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí? Ní ọdún 2014, nínú ẹjọ́ ọmọ Nàìjíríà kan tó ní òun fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù kan ní ìlànà ìbílẹ̀ báyìí, ilé-ẹjọ́ kan sọ pé àfi bí ìlú ìyàwó náà bá gbà á. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní ọdún 2017, wọ́n ní òfin ibi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó ni kí a fi wò ó. Bí ó bá ti tọ́ ní Nàìjíríà, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Tọkọtaya kan kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé oṣù kẹta ni ìdána wọn, nígbà tí físà ọkọ ṣì wà láàyè. Nínú fọ́tò tí àwọn fúnra wọn mú wá, ìyá àgbà kan gbé abọ́ ike tí wọ́n pín fún àlejò lọ́wọ́, ọjọ́ tó wà lára abọ́ náà sì jẹ́ oṣù kẹsàn-án. Físà ti parí ní oṣù kẹfà. Abọ́ ike ló tú wọn fó.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó tó wà nílé tẹ́lẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í tú nítorí pé ọkọ ti lọ, tí wọn kò sì bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkùnrin tó bá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé òun kò gbéyàwó rí, tí ìdílé ìyàwó àkọ́kọ́ ṣì ní fọ́tò ìdána lára ògiri, irọ́ ni ó ń fi ìwé rẹ̀ kọ́ lé, ìyàwó tuntun tí kò mọ nǹkan kan ni yóò sì wà nínú ilé náà nígbà tó bá wó. Nínú òfin ìgbélùú, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó parọ́ láti gba físà lè pàdánù ọ̀nà àtiwọlé fún ọdún mẹ́wàá.

Irọ́ kọ́ ni gbogbo ohun tó ń jọ irọ́, ṣá o. Èdè wa gan-an a máa kó ènìyàn sí wàhálà níwájú ẹni tí kò gbọ́ ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbélùú bi ọkọ pé ta ló wà níbi ìgbéyàwó, ó ní "àbúrò mi". Wọ́n ní ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ó ní ọkùnrin. Wọ́n yẹ fọ́ọ̀mù wò, wọ́n ní o kò kọ ọ́ pé o ní àbúrò ọkùnrin. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n bi ìyàwó ní orúkọ àbísọ ọkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ó ń wo ilẹ̀, nítorí pé "Bàbá Ìbejì" ló ń pè é láti ọdún mẹ́fà, ilé tí wọ́n sì ti tọ́ ọ, wọn kì í pe ọkọ lórúkọ. Wọ́n bi í pé ọmọ mélòó ni ìyá ọkọ rẹ̀ bí, ó ní òun kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Olóòótọ́ ni gbogbo wọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí lẹ́yìn iṣẹ́ ni pé kí ọkọ àti ìyàwó jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ àbísọ, ọjọ́ ìbí, àti bí ẹbí kọ̀ọ̀kan ṣe tan mọ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi "ọmọ ìyá mi" àti "ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi" dáhùn, kí wọ́n fi "àbúrò" sílẹ̀ fún ilé.

Ó kù ẹni tó ń lọ bá ẹni tí ìwé tirẹ̀ gan-an kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù nínú ìran tó lọ láti ọdún 2022, nígbà tí Bìrìtéènì ṣí físà ìlera sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà. Ọ̀pọ̀ ló ta ilẹ̀, tí wọ́n ta mọ́tò, kí ìyàwó lè lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú yìí, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní kíà, kí ọkọ àti ọmọ sì tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ka másítàs lásán kò lè mú ọkọ tàbí aya wá mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún kan náà, olùtọ́jú àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ kò lè mú wọn wá. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba olùtọ́jú láti òkèèrè pátápátá. Ìdílé wà tí ìyàwó béèrè físà olùtọ́jú lẹ́yìn ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, tí ọkọ ti ń kó ẹrù lọ́wọ́, tí òfin sì wá ṣubú sáàárín wọn.

Ẹni tó bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbára lé e, orí ìwé onítọ̀hún ló dúró sí. Bí ilé iṣẹ́ tó gba ìyàwó síṣẹ́ bá pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀ láti gba òṣìṣẹ́ òkèèrè, Home Office sábà máa ń fún ìyàwó náà ní ọjọ́ 60 láti wá òmíràn tàbí kó kúrò nílùú, ti ọkọ àti ti ọmọ sì so mọ́ ọn. Bí ìgbéyàwó náà bá tú, ìwé ẹni tó tẹ̀ lé e náà a bá a lọ. Mo ti gbọ́ "màá kọ̀wé sí Home Office" lẹ́nu ọkọ àti lẹ́nu ìyàwó, nínú ilé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ilé onígbàgbọ́. Ìdẹ́rùbà ni ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì burú bí ìgbájú. Bí ẹni tí a fẹ́ bá jẹ́ ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní àṣẹ láìní gbèdéke, tí ìgbéyàwó sì tú nítorí ìyà àti ìlòkulò, òfin gbà kí ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà béèrè àṣẹ ìgbélùú tirẹ̀ láìní gbèdéke. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó tẹ̀ lé òṣìṣẹ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ náà lè gba ààyè oṣù mẹ́ta láti jáde nínú ilé náà, kó sì rí ìrànlọ́wọ́ ìjọba gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààyè náà kò já sí àṣẹ pípẹ́. Kí obìnrin kankan má jókòó sínú ìlùkulù nítorí pé wọ́n sọ fún un pé wọ́n á dá a padà lọ́la.

N kò ní pẹ́ lórí Amẹ́ríkà, nítorí pé kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà á, nítorí ìmọ̀ràn tó ń gba orí WhatsApp láti Houston dé Peckham. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà tó tọ́, tó wá fẹ́ ọmọ onílùú pẹ̀lú ọkàn kan, lè béèrè káàdì ìgbélùú láìjáde, kódà bí físà rẹ̀ ti parí. Ẹni tí kò níwèé ju ọjọ́ 180 lọ, tó wá jáde, òfin ọdún 1996 lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́ta; bí ó bá tó ọdún kan, ó di ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, "má jáde" lè jẹ́ ìmọ̀ràn rere fún ẹni tó wà ní Houston, kó sì jẹ́ ìparun fún ẹni tó wà ní Peckham, tó jẹ́ pé lílọ sílé láti gba físà ni ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ̀ràn, kó wá lọ́yà tàbí ẹni tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Ní Bìrìtéènì, ọ̀daràn ni ẹni tó bá ń gbani nímọ̀ràn ìgbélùú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ láìní àṣẹ yẹn, ìbáà jẹ́ alàgbà nínú ìjọ.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan ní Croydon, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ní kí n jókòó ti òun nígbà tí òun yóò bá bàbá àfẹ́sọ́nà òun sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Àwọn ẹbí ti mú ọjọ́ ìdána. Ìbàdàn ni bàbá náà wà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti kíra wa tán, bàbá náà ní, "Ọkọ wa, ẹ máa bínú o, irú ìwé wo lẹ fi ń gbé lọ́hùn-ún?" Ọmọkùnrin náà wò mí. Mo dákẹ́. Ó mú fóònù kejì, ó wọ ojú ìwé Home Office tirẹ̀, ó gbé e síwájú kámẹ́rà, ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀ fún bàbá náà ní Yorùbá, láti orí irú físà dé ọjọ́ tí yóò parí. Bàbá náà ní kó tún ọjọ́ náà kà. Ó kà á. Bàbá náà ní, "Bí ilé iṣẹ́ yín bá wá ní àwọn ò fẹ́ yín mọ́ ńkọ́?"

"Ọjọ́ 60 ni wọ́n máa fún mi, sà. Bí mi ò bá rí òmíràn, èmi àti ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ mi ni a ó jọ padà."

Bàbá náà dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí inú ilé, ó ní kí wọ́n pe ọmọ òun wá, kó wá gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.